Mo Ń Kọ Lẹ́tà Yìí ní Ìdúró Nítorí Ajá Jacob

Abúlé Akínwándé,
Lẹ́yìn Ẹgbẹ́dá.
Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Àílà.

Rùqáyyàh ọmọ mi, Àwẹ̀ró, ìyá Khàlíl,

Àsàláámù aláékúmù. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ikùn tó wà níwájú rẹ ńkọ́, ṣé ó ń jẹ́ kí o rí oorun sùn? Ọlọ́run tó gbé e fún ọ yóò bá ọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní wẹ́rẹ́, ohùn ìyá àti ohùn ọmọ ni a ó jọ gbọ́. Bá mi kí Ammar ọkọ rẹ, bá mi kí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o sì sọ fún Khàlíl pé ìyá rẹ̀ àgbà ti lè kọ odindi ojú ìwé kan láìwo ọwọ́ ẹnikẹ́ni, kó má rò pé òun nìkan ló ń lọ sílé ìwé nínú ìdílé wa. Èmi ni mo ṣe ipò kejì ní kíláàsì àgbà. Ìyàwó tíṣà wa ló ṣe ipò kìíní, n kò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí o bá rí i pé ìlà mi ń wọ́ lọ sísàlẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, má rẹ́rìn-ín. Ìdúró ni mo wà. Ara ògiri pálọ̀ ni mo fi ìwé tẹ̀ tí mo ń kọ ọ́ bí ẹni ń kun ilé, nítorí n kò gbọdọ̀ tẹ orí mi ba. N ó sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, ṣùgbọ́n jókòó ná. Lẹ́tà ni mo sì fẹ́ fi sọ ọ́, n kò fẹ́ fi fóònù sọ ọ́, torí lọ́jọ́ tí mo pè ọ́ nípa adìyẹ wa, ẹnu mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kan "kú tán" ni, n kò tíì dé orí adìyẹ tí o ti bú sẹ́kún. Ọ̀rọ̀ fóònù a máa já luni. Lẹ́tà, èèyàn lè gbé e sílẹ̀ kó mu omi.

Ilé wà dáadáa. Òjò rọ̀ dáadáa lọ́dún yìí, àgbàdo ẹ̀yìnkùlé ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti dá òrùlé mọ́sálásí padà lẹ́yìn ìjì, Àlùfáà Gàfárù sì ń wàásù nípa rẹ̀ bíi pé àwọn gan-an ni wọ́n gun àkàsọ̀.

Ajá Jacob bù mí jẹ lẹ́sẹ̀.

Mu omi díẹ̀ kí o tó ka èyí tó kù. Jacob ọdẹ ni mò ń wí, aládùúgbò wa, ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù tó máa ń gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá láìwọ bàtà. Ajá rẹ̀ tó ń jẹ́ Fìmísílẹ̀ ni, èyí tí Khàlíl máa ń ju egungun fún bó bá wá lo ọlidé. Ajá jẹ́jẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ṣe díẹ̀ tí kò ti jẹun mọ́, tó ń sá fún oòrùn wọ abẹ́ àká lọ, tí itọ́ ń ṣe yọ́ọ́ lẹ́nu rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ sì há. Mo ní kí Jacob so ó mọ́lẹ̀. Ó ní egungun ló há a lọ́fun, pé ta ló ń so ajá ọdẹ mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́, pé ṣé wọ́n tún ti kọ́ Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ dókítà ajá ni. Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́ ni orúkọ tó fi ń pè mí láti ìgbà tí mo ti ra báàgì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ń sá láfún níwájú ilé, Fìmísílẹ̀ jáde wá, ó ń rìn bí ẹni tó mu ẹmu yó. Kò gbó. Ó kàn wá, ó ki ẹnu bọ ọrùn ẹsẹ̀ mi, kò sì fẹ́ tú u sílẹ̀. Jacob ló sáré jáde, kò mú igi, kò mú àdá, ọwọ́ lásán ló fi la ẹnu ajá náà kúrò lára mi. Bẹ́ẹ̀ ni ajá ṣe yí padà sí olúwa rẹ̀, ó bù ú jẹ lọ́wọ́ ọ̀tún. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ajá ti kú. Jacob gbẹ́ ilẹ̀ jìn, ó sin ín, ó sunkún. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó sunkún, ìwọ náà má sọ.

Kó tó sin ín, ó gé nínú irun rẹ̀, ó jó o, ó pò ó mọ́ epo pupa, ó fi sí ojú egbò tirẹ̀, ó sì bu tèmi wá nínú àwo, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é. Mo ti fẹ́ fi í sí i, ṣùgbọ́n àkókò kíláàsì ti tó, n kò sì fẹ́ kí epo kan yẹ̀rì mi tuntun, mo ní tí mo bá dé n ó fi í sí i. Nọ́ọ̀sì Gbọ́njúbọ́lá, ọmọbìnrin tó wà ní ilé ìwòsàn kékeré ojú títì, ló ń kọ́ wa ní ìmọ̀ ìlera lọ́jọ́ náà. Ó rí i pé mò ń tiro. Ó bi mí, mo sọ. Kò tilẹ̀ parí ọ̀rọ̀ tó ń kọ sójú pátákó. Ó fà mí lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó fi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ mi, ó tún fọ̀ ọ́, omi ń ṣàn lé e títí ẹsẹ̀ mi fi rí bí ẹsẹ̀ ẹni tó sùn sódò. Ó ní irun ajá kò wo nǹkan kan, pé dìgbòlugi ni, pé kí èmi àti Jacob wá rí òun láàárọ̀ ọ̀la. Ó wá fi èmi ṣe àpẹẹrẹ fún gbogbo kíláàsì. Ìyàwó tíṣà kò rí irú iyì bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀kọ́ náà yé mi, jẹ́ kí n là á fún ọ. Ohun tó wà nínú itọ́ ajá náà ń jẹ́ fáírọ́ọ̀sì. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí gíláàsì tí wọ́n fi ń wo àwọn kòkòrò àìlèfojúrí mìíràn kò lè rí i. Kì í jẹun, kì í mí, kò lè dá bímọ. Bó bá wà níta, bí òkú ló rí. Ṣùgbọ́n ara wa, yàrá kéékèèké ni Ọlọ́run fi mọ ọ́n, yàrá kọ̀ọ̀kan ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì á mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, á ṣí yàrá tó bá bá a mu, á wọlé. Nígbà náà ló máa ń dà bí àlejò tó wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀, tó da aṣọ àwọn oníbàárà nù, tó ní irú aṣọ tòun nìkan ni kí télọ̀ máa rán, láàárọ̀, lálẹ́, títí ṣọ́ọ̀bù yóò fi kún tí yóò sì bẹ́, tí gbogbo ohun tó rán á tú jáde lọ wá ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Mo bi nọ́ọ̀sì pé kí ló dé tí télọ̀ kò pariwo. Ó ní ó ń pariwo, pé ara gbígbóná àti orí fífọ́ tí a máa ń ní, ariwo télọ̀ ni. Ó ní ṣùgbọ́n èyí tó wà lára ajá yìí, ó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ́ wọlé tí onílé kò fi ní gbọ́.

Ó ní kọ́kọ́rọ́ wọn kò rí bákan náà. Èyí tó pa adìyẹ wa kò bá ilẹ̀kùn tèmi mu, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí n kò fi bá wọn lọ. Ti dìgbòlugi ń ṣí ajá, ó ń ṣí ewúrẹ́, ó ń ṣí màlúù, ó ń ṣí èèyàn. Bó bá gba ẹsẹ̀ wọlé, inú iṣan ló ń tọ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ sínú ọpọlọ, ara onítọ̀hún á máa dá ṣáṣá ní gbogbo àkókò yẹn. Ọjọ́ tó bá débẹ̀ ni ẹni náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù omi mímu, kò sì sí oògùn tó lè dá a padà mọ́. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀.

Àwẹ̀ró, láti ìgbà yẹn ni mi ò ti lè fìdí kalẹ̀ dáadáa. Mo rò ó pé ohun tó bá ń gòkè, bí èèyàn bá dùbúlẹ̀, ọ̀nà ti tẹ́jú fún un nìyẹn, á máa yí lọ wọ̀ọ̀ sí orí. N kò fi ẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́. Orí àga ni mo ti ń sùn, mo fi aṣọ so ara mi mọ́ ọn kí n má baà wó. N kò bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni ìrun. N kò lè forí kanlẹ̀, torí bí orí bá wà nísàlẹ̀ tí ẹsẹ̀ wà lókè, èmi fúnra mi ni mo rọ́ ọ sínú ọpọlọ yẹn. Mo ń kírun lórí ìjókòó. Àlùfáà Gàfárù rí mi, wọ́n ránṣẹ́ pé ṣé orúnkún ni àbí ìwé kíkà ni kò jẹ́ kí n lè forí balẹ̀ fún Ọlọ́run mọ́. Mo sunkún díẹ̀ nínú ilé ìdáná.

Ní àná, èmi àti Jacob lọ sí ilé ìwòsàn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi okùn fà á, torí ó ní omi àdúrà ìjọ àwọn ti tó. Nọ́ọ̀sì ṣí àpótí kan báyìí, òtútù jáde nínú rẹ̀. Ó ní oòrùn tó ń ràn lórí òrùlé ló ń mú un tutù. Mo wo òrùlé, mo wo àpótí. Bi Ammar bóyá ó yé e, oòrùn tó ń lá láfún mi gbẹ ni wọ́n fi ń ṣe òtútù. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló kù nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ẹnì kejì gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá nígboro lọ́jọ́ náà gan-an, ó sì kọjú sí mi, ó ní èmi ni mo dàgbà jù. Jacob ti dìde, inú rẹ̀ ń dùn pé abẹ́rẹ́ ti tán. Ó mọ ìbọn yìn jẹ́jẹ́ bí ẹran bá dúró, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ń bà á lẹ́rù ju ẹkùn lọ. Mo mọ̀ pé bó bá fi lè jáde lẹ́nu ọ̀nà yẹn, kò sí ẹni tó máa rí i mú wọ ìgboro. Ọwọ́ sì súnmọ́ orí ju ẹsẹ̀ lọ.

Mo ní, "Jacob, ọwọ́ tí o fi gbà mí lẹ́nu ajá yẹn, nà án fún nọ́ọ̀sì."

Ó jókòó, ó kọjú sí ògiri bí ọmọdé, ó nà án. Ní gbogbo ọ̀nà bí a ti ń padà sílé, agbòòrùn mi ló fi bo apá náà, torí mo sọ fún un pé ohun tí wọ́n tọ́jú sínú òtútù, kó má jẹ́ kí oòrùn pa á.

Ní tèmi, mo dáhùn pé mo ti gbọ́, ṣùgbọ́n láfún kò tíì gbẹ. Mo rò ó pé bí mo bá ń dúró ṣánṣán báyìí, ẹsẹ̀ ni yóò ṣì wà títí di ọjọ́ Jímọ̀, tí n ó wá bá ọ, tí ẹ ó mú mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá náà. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí nìyí, kí Roheem onímàrúwá fi í jíṣẹ́ fún ọ nílé yín ní Ọlọ́runṣògo nígboro, kí o máa retí mi.

Wo bí ìlà mi ṣe tọ́ láti ibí yìí. Mo ti jókòó, mo ti fi ìwé lé orí tábìlì. Roheem ti dé láti gba lẹ́tà, ó sì gbé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wá láti ojú títì. Nọ́ọ̀sì ní òun gbọ́ lẹ́nu Jacob pé orí àga ni mò ń sùn. Ó ní kí n jọ̀wọ́ sùn. Pé nǹkan náà kì í ṣe omi tó ń dà sí ibi tó bá rẹlẹ̀, pé ẹni tó dúró, ẹni tó sùn, ẹni tó forí kanlẹ̀, ọ̀nà inú iṣan kan náà ló ń gbà, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Pé n kò dá a dúró rárá, pé kí n má jẹ́ kí ilẹ̀ òní ṣú kí n tó gba abẹ́rẹ́ tèmi.

Mo ní kí Roheem dúró. Alásàárì ti tó. Mo tẹ́ ẹní, mo kírun, mo forí kan ilẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó lè gbé e. Ẹ̀rù tí mo ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, orí ẹní yẹn ló ti bá mi.

Lẹ́tà kò lè bá mi gba abẹ́rẹ́, nítorí náà n kò rán Roheem mọ́. Èmi ni n ó fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́. Bí mo bá wọlé, n kò ní sọ ju kíkí lọ, torí bí mo bá la ẹnu, ohùn mi yóò gbọ̀n, o kò sì gbọdọ̀ sáré pẹ̀lú oyún. O ti kà á tán báyìí, o sì rí i pé mo wà láàyè. Mo ti bi nọ́ọ̀sì, ó ní mo lè wẹ ọmọ, mo lè pọ̀n ọ́n, ìdí nìyẹn tí mo fi di ẹrù mi wá. N kò fi irun ajá sí ojú egbò náà. Ẹ bá mi wá owó ilé ìwòsàn, ìwọ àti Ammar, àti owó Roheem tó wà lẹ́nu ọ̀nà yín, kò pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fún un lómi tútù pẹ̀lú. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ohun tí ojú kò rí wọ ilé yín, yóò pa ilẹ̀kùn ara yín mọ́ ọn, ọmọ inú rẹ yóò bá mi láyé, yóò sì dá mi mọ̀.

Dìde jẹ́jẹ́, mú ìborùn rẹ, ká máa lọ.

Èmi ni ìyá rẹ tó jókòó níwájú rẹ.