Ẹ̀bẹ̀ Kí Ẹ Ha Ọ̀dà Kúrò Ní Ìdí Ọ̀pẹ Ilé Kéú

Ojúlé Kẹrin, Òpópónà Àlàáfíà,
Ìjẹ̀dẹ́, Ìkòròdú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹrìnlá, Oṣù Kẹrin, 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ọ́fíìsì Ìtọ́jú Igi Ẹ̀bá Ọ̀nà,
Ìkòròdú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌDÚPẸ́ LÓRÍ Ọ̀PẸ TÍ Ẹ GÉ, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ ÈYÍ TÍ Ẹ KÙN LỌ́DÀ

Èmi ni Sèlíátù Abdussalam. N kò mọ̀wé. Hanifah, ọmọ ọmọ mi, ni ó ń kọ ohun tí mò ń sọ, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi adùn kún un.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, ọ̀dọ̀ ọmọ mi ọkùnrin ni mò ń gbé níhìn-ín. Òun àti ìyàwó rẹ̀ a ti jáde lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú àwọn ará àdúgbò wa. Èmi ni mo máa ń wà nílé lọ́sàn-án, èmi ni mo sì máa ń rí ohun tó ń ṣe igi.

Kí n kọ́kọ́ dúpẹ́. Àwọn ọ̀pẹ tí ẹ gbìn sí ẹ̀bá ọ̀nà wa kò ní epo, ẹwà ni wọ́n wà fún. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí wọn, mo bi ọmọ mi pé kí ni wọ́n wúlò fún. Ṣùgbọ́n ibòji wọn dára, èmi náà sì ń jókòó sí i.

Lẹ́yìn ọyẹ́ tó kọjá, imọ̀ èyí tó wà lẹ́nu géètì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti ìsàlẹ̀. A rò pé òùngbẹ ni, a ń bu omi sí i. Nígbà tí a ránṣẹ́ sí yín, ẹ rán Arábìnrin Wúràọlá. Obìnrin náà kò jókòó sínú ọkọ̀ wò ó. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ha ọ̀dà funfun tí wọ́n máa ń kùn sí ìdí igi, a sì rí i pé olú líle kan tó fẹ̀ bí àwo ti hù síbẹ̀. Àwọn akunlé ti kun olú náà mọ́ igi. A ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, a rò pé kókó igi ni.

Ó ṣàlàyé fún wa pé bí a bá ti rí olú yẹn, àrùn ti jẹ inú ọ̀pẹ, kò sì sí oògùn rẹ̀. Ó ní àrùn mìíràn wà tó ń mú màrìwò àárín rà, òmíràn sì tún wà tó jẹ́ pé àdá tí a fi gé imọ̀ igi aláìsàn ló ń gbé e lọ sára èyí tí ara rẹ̀ le, kí a máa fọ àdá láti igi dé igi. Olúṣèyí, akọ̀wé àdúgbò, ta kò ó pé òkè igi ṣì tutù, pé ó fẹ́ ba ẹwà òpópónà jẹ́. Arábìnrin náà dá a lóhùn pé, “Ẹ má wo òkè, sà. Inú rẹ̀ ti tán. Afẹ́fẹ́ ni kò tíì dé.”

Ẹ gé e. Nígbà tó balẹ̀, mo ti ọ̀pá mi bọ inú rẹ̀, ó wọlé títí dé ọwọ́ mi. Olúṣèyí náà rí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni atẹ́gùn tó ṣí páànù ilé tó tẹ̀lé tiwa dé. Ẹ gba ẹ̀mí là, ẹ sì lè má mọ̀. Ọlọ́run yóò san án fún yín.

Ẹjọ́ mi nìyí. Ọ̀pẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kéú Alfa Ashraf. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọdé máa ń tẹ́ ẹní sí láti kéwú, nítorí inú ilé náà móoru. Imọ̀ ìsàlẹ̀ tirẹ̀ náà ti ń pọ́n. Arábìnrin Wúràọlá ní òun yóò padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ó tó padà, ẹ gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́. N kò bínú sí ìyẹn, àwọn ará ilé mi nílò rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìtúnu Ààwẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ́fíìsì yín kan náà kó ọ̀dà wá, pẹ̀lú àṣẹ pé kí wọ́n kun ìdí gbogbo igi kí àlejò tó dé. Mo ní kí wọ́n fi ti ilé kéú sílẹ̀, wọ́n ní àṣẹ ni àṣẹ. Wọ́n kùn ún nípọn. Ó mọ́ lójú báyìí, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo bẹ Alfa kó kó àwọn ọmọ kúrò. Ó ní níbo ni òun yóò kó wọn sí nínú oòrùn yìí, àti pé ìjọba kò ní kun igi tí wọn kò bá tíì yẹ̀ wò. Ohun tí ọ̀dà yín ń sọ fún ènìyàn nìyẹn.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ẹ rán Arábìnrin Wúràọlá padà fún ọjọ́ kan, tàbí ẹlòmíràn tó lè kúnlẹ̀. Kí ó ha ọ̀dà náà. Bí ara igi bá le, kí ó sọ fún Alfa; bí kò bá le, ẹ gé e. Ẹ hú kùkùté ẹnu géètì náà pẹ̀lú, nítorí inú rẹ̀ ni àrùn ń gbé, a sì gbọ́ pé ẹ fẹ́ gbin ọ̀pẹ tuntun sójú ibẹ̀. Bí ẹ bá tún ń kun igi, ẹ fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí a lè máa rí i.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìjẹta ni mo ti gbé àga mi sí abẹ́ ọ̀pẹ náà, níbi tí ẹní àwọn ọmọ máa ń wà. Wọn kò lè ní kí ìyá àgbà dìde, nítorí náà wọ́n ti lọ jókòó síbi ògiri lódìkejì ọ̀nà. Ọmọ mi bínú sí mi. Mo ní kó máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Bí igi náà bá wó kí ẹ tó dé, èmi ti lo ayé mi. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn kò tíì ka Fátíhà já.

Ẹ ṣeun fún ti àkọ́kọ́. Mo ń retí yín.

Èmi ni tiyín,
(Ìtẹ̀ka àtàǹpàkò)
Sèlíátù Abdussalam,
Ìyá Àgbà, Ojúlé Kẹrin.