Ìró Ọkàn Bàbá Ìdánwò

Ẹ̀yin Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ìbéèrè yín ni kò jẹ́ kí n sùn: "Ṣé èèyàn lè kọ́ iṣẹ́ dókítà níbi tí kò sí ilé ìwòsàn?" Mo yí sọ́tùn-ún, mo yí sósì, nígbà tó yá mo dìde, mo tan fìtílà. Kí n tó dáhùn, mo kí yín, mo kí Bàbá. Mo gbà á ládùúrà pé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín lórí ẹ̀rọ ìránṣọ ti fúyẹ́. Ara èmi le, àfi ikọ́ díẹ̀ tí eruku ẹrẹ̀ gbígbẹ ń fà.

Ẹ mọ̀ pé omíyalé ba ilé ìwòsàn tí a ti ń kọ́ṣẹ́ jẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lórí òkè ni wọ́n kó àwa àti àwọn aláìsàn lọ. Ìṣirò àwọn ọmọdé ṣì wà lójú pátákó lókè orí àwọn aláìsàn, kò sẹ́ni tó nù ún, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan nínú rẹ̀ kò tọ̀nà. Ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò inú ara ti mu ẹrẹ̀ yó. Olùkọ́ wa, tí a ń pè ní Ẹ-Tún-Un-Gbọ́ nítorí pé gbólóhùn yẹn kì í kúrò lẹ́nu wọn, sọ pé ọwọ́ àti etí ti tó wa. Mo rò ó títí: ṣé òótọ́ ni, àbí wọ́n kàn ń tù wá nínú?

Káfíńtà àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ ní ìró àrà ọ̀tọ̀. Láàárín kì-kì tí ọkàn ń lù, ohun kan máa ń yọ́ kọjá, ṣìì-ṣìì, bí ìgbà tí àlùmọ́gàjí yín bá ń la aṣọ. Gbogbo wa gbà pé òun ni wọn yóò fi dán wa wò, la bá sọ ọ́ ní Bàbá Ìdánwò. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn. Á ní, "Ẹ má wulẹ̀ wá a kiri. Abẹ́ ọmú òsì ló wà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ìlì, ẹ má dárúkọ mi o!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sétí, ni òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo jókòó kí ó dá. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé àpò tí wọ́n ká ni Bàbá fẹ̀yìn tì.

Mo ní, "Bàbá, ṣé báyìí lẹ ṣe ń sùn?"

"Ìjókòó ni. Tí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé omi ọjọ́ yẹn tún dé. Mo ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ, wọ́n ní ẹ̀rù ni."

Ẹ̀rù lóòótọ́ ni? Ta ni omi gbé ilé rẹ̀ lọ tí kò ní bẹ̀rù? Òun alára gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òjò dá, mo ní kó yí ẹ̀yìn sí mi. Kò sí ìkankan nínú wa tó ti gbọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ rí láti ìgbà tí a ti dé ibẹ̀. Iwájú tó gbajúmọ̀ ni gbogbo wa ń gbọ́. Nísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, mo gbọ́ ìró wẹ́wẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi ìka ra irun lẹ́bàá etí. Mo tẹ kókósẹ̀ rẹ̀. Ojú ìka mi jìn síbẹ̀, kò padà. Omi ti ń kún inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀; òun ni kò jẹ́ kó lè fẹ̀yìn lélẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rù nìkan.

Mo pe olùkọ́ wa, wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n tún un gbọ́. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní tí kò bá kọjá sí ilé ìwòsàn òdìkejì odò lọ́jọ́ náà, ó lè gbabẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ló sì ń lọ síbẹ̀. Bàbá fárígá: "Èmi? Orí omi? Ẹ jẹ́ kí n kú síbi tó gbẹ!"

Mo bá ki ẹ̀rọ ìgbọ́ràn bọ òun gan-an létí, mo gbé ẹnu rẹ̀ lé e láyà. Ojú rẹ̀ là rekete. "Èmi nìyí? Gbogbo ariwo yìí? Òun ló ń ṣiṣẹ́ báyìí, tí mi ò kí i kú iṣẹ́ rí?" Ó gbọ́ ọ pẹ́. Ló bá ní, "Tìẹ ńkọ́?" Mo gbé e sáyà ara mi.

"Tìẹ ò ṣe ṣìì-ṣìì. Àmọ́ ó ń sáré. Ẹ̀rù ń ba ìwọ náà?"

"Ó ń bà mí, Bàbá."

"Ó dáa. Ẹ̀yìn mi ni kó o jókòó sí. Ká máa lọ."

Mo fi àyà mi gbé ẹ̀yìn rẹ̀ dúró títí a fi gúnlẹ̀. Ó yè é, Màmá. Ó ti ń fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìdáhùn mi dà? Ká ní ẹ̀rọ fọ́tò wà, à bá ti rí omi yẹn kíákíá. Ká ní òjò ò rọ̀, ṣé ǹ bá jókòó tì í? Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ní kí n padà wálé. Ó wù mí kí n mọ ohun tí ẹ̀yìn àwọn tó kù ń sọ.

Kí Ọlọ́run fún yín ní àlàáfíà, kí ó jẹ́ kí ojú wa tún rí ara wa láyọ̀.

Èmi ni ọmọ yín, oníbéèrè inú ilé.

Àfikún: Bàbá Ìdánwò ránṣẹ́ sí wa. Ó ní òun ti rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn lọ́hùn-ún, òun sì ti sọ fún wọn pé ẹ̀yìn ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Ilẹ̀ ti mọ́. Mo ti pa fìtílà.