Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Bàbá Yín

Èmi, ìyàwó bàbá tó máa ń tún aago ṣe tẹ́lẹ̀, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Aránṣọ, ni mo sọ èyí. Ara mi ni kò yá. Orí mi pé. Ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì ni mo ń bá wí, àti àbúrò mi ọkùnrin, tí mo fi ṣe alámòójútó ogún yìí.

Ìkínní: Ilé di ti ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ kò gbọdọ̀ tà á lójú ayé bàbá yín. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi di ti àkọ́bí mi obìnrin, tó búra pé òun kò ní fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ láyé. Yóò gbà á.

Ìkejì: Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé inú gáréèjì kì í ṣe ogún ẹnikẹ́ni. Ti bàbá yín ni. Láti ìgbà tí iyè rẹ̀ ti ra, inú ọkọ̀ yẹn nìkan ló ti ń gbà láti jẹun. Ìwọ àbíkẹ́yìn mi lo fi ilẹ̀kùn rẹ̀ gbá òpó géètì; n kò bá ọ jà mọ́. O ní kí a kun odindi ọkọ̀ lọ́tun. Rárá o! Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí a kùn, ó ń dán yanran lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ọkọ̀ tí oòrùn ti mú ṣá, bàbá yín sì pariwo pé wọ́n ti jí ọkọ̀ òun gbé. Láti ọjọ́ náà títí di àná ló fi pa ẹnu dé mọ́ ṣíbí.

Ìkẹta: Gbogbo adìyẹ mi, mo fi wọ́n fún pẹ́ńtà tó kun ilẹ̀kùn náà. Mo bú u púpọ̀. Ó tún ọ̀dà pò bí ìwé àwọ̀ ọkọ̀ ṣe wí, kò jọra. Ó wo abẹ́ ìdérí bọ́ọ̀tù ẹ̀yìn ọkọ̀ tí oòrùn kì í dé, ó po irú rẹ̀, kò jọra. Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo tó ìyá rẹ̀. Ó fà mí dìde: “Màmá, ọkọ̀ yìí ti darúgbó. Ẹ jẹ́ kí n po ọ̀dà tó darúgbó.” Ó kun páálí kan, ó gbé e sí gbangba oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ọkọ̀, ó tún un pò títí n kò fi mọ èwo ni èwo. Kò sì fi ọ̀dà náà mọ sí etí ilẹ̀kùn. Ó fọ́n ọn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ wọ ara tó tẹ̀ lé e, kí ojú má baà rí ààlà.

Ìkẹrin: Dókítà ní n kò ní pẹ́ lọ. Àbúrò mi ni yóò máa tọ́jú bàbá yín. Ó bá mi jà nígbà tí mo fẹ́ bàbá yín, ó ní ẹni tó fẹ́ràn mọ́tò tó bẹ́ẹ̀ kò ní ráyè ìyàwó.

Lánàá, mo mú bàbá yín lọ sí ìdí ọkọ̀ náà. Ó fọwọ́ pa ilẹ̀kùn náà, ó rẹ́rìn-ín, ó wọ inú ọkọ̀. Mo gbé oúnjẹ fún un, mo sì fẹ́ jókòó tì í. Ó na ọwọ́ dí mi lọ́nà.

“Ẹ ṣeun, mà. Ẹ má jókòó síbẹ̀. Ìyàwó mi ló ni ibẹ̀, ó ń bọ̀.”

Mo dúró níta títí ó fi jẹun tán.

Ìkarùn-ún: Ẹnikẹ́ni nínú yín kò gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀. Bó bá béèrè mi, ẹ ní mo ń bọ̀.

Mo fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.
Ìyá Aránṣọ

Ẹlẹ́rìí: Nọ́ọ̀sì ojúlé kejì, Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì.