Okùn Tó Wà Níbàdí Ọ̀bọ Yín

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ má wá ìkíni lókè ìwé yìí. Mi ò gbàgbé, mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ ni.

Mo rí fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́. Ọmọ yín ń rẹ́rìn-ín, ọ̀bọ tí ẹ rà fún un wọ ṣòkòtò péńpé, okùn sì wà níbàdí rẹ̀. Ẹ ní kí n bá yín yọ̀, torí iṣẹ́ ẹranko ni mò ń ṣe. Ẹ ò ṣeun.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gba irú wọn sílẹ̀ nílé àwọn olówó. Lánàá, a bá ọ̀kan ní balùwẹ̀ lọ́yà kan. Láti ìgbà tí kò tíì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni lọ́yà ti de bẹ́líìtì mọ́ ọn níbàdí. Ọ̀bọ ń dàgbà, bẹ́líìtì ò dàgbà. Ẹran ara ti bò ó mọ́lẹ̀; abẹ ni dókítà fi wá a rí. Lọ́yà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún: "Ọmọ mi ni o! Kí ni mo fi dù ú?"

Bí ọ̀bọ ṣe ṣorí ni ìnàkí ṣe ṣe é, ẹ̀yin àti lọ́yà náà.

Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ̀wé yìí, ló ṣe rí wọ́kuwọ̀ku. Èmi ni mo di ọ̀bọ náà mú fún dókítà, ó sì gé mi jẹ lọ́wọ́ ọ̀tún; mi ò bá a wí. Ẹ sọ fún Màmá pé ara mi le, mo tiẹ̀ ń sanra.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, ẹ kí ọmọ. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sẹ́yìnkùlé, kí ẹ gé okùn yẹn. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ pé ẹ ti gé e ni màá tó kí ẹ̀yin náà.

Àbúrò yín.