Omi Inú Ẹsẹ̀ Màṣíìnì

Ṣàfíù,

Mo ti bá mọ́tò lọ ra ọ́ìlì l'Ọ́yọ̀ọ́. Má fọwọ́ kan màṣíìnì, alùpùpù wa. Mo ní kí n pààrọ̀ ọ́ìlì inú ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, irin tó di táyà mú, láàárọ̀ yìí, ká tó fi gbé Màmá lọ sí ọsibítù lọ́la. Iṣẹ́ náà kò le: mo tú bóòtì kékeré ìsàlẹ̀, mo di búréèkì mú, mo ń tẹ ọwọ́ màṣíìnì wálẹ̀, ọ́ìlì ń tú sínú agolo mílíìkì. Àfi bí mo ṣe rí i tó funfun bí omi ògì. Omi ti wọ̀ ọ́.

O ní Ìlọrà lo gbé e dé lánàá. Ṣé odò ti ń ṣàn lórí títì ọlọ́dà ni? Ìwọ tí à ń bẹ̀ kó o tó fọ ṣòkòtò, o sáré fọ ọ́ bó o ṣe dé lánàá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Bóyá irin ẹsẹ̀ náà ti tẹ̀ débi tó lè gbé èèyàn ṣubú, n kò mọ̀. Bó o bá sọ òótọ́, n kò ní bá ọ jà. Bó o bá tún ní Ìlọrà náà ni, kò burú. Tí mo bá da ọ́ìlì tuntun sí i tán, ìwọ ni yóò kọ́kọ́ sáré gùn ún dé abúlé Imini kó o sì padà, kí Màmá tó gùn ún. Èmi àti Màmá yóò máa wo ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Sìrájù