Ìka Tí Mo Tẹ̀ ní Ọjọ́ Kẹjọ

Ọ̀tà, Ìpínlẹ̀ Ògùn,
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Ṣadé, àkọ́bí mi,

Yéwándé ìyá rẹ kú ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún yìí, lẹ́yìn ìrun àárọ̀. O mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìwọ náà bá wa sin ín. Mo tún ń sọ ọ́ nítorí pé mo fẹ́ kí ó wà nínú ìwé, àti nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kẹjọ ikú rẹ̀.

Ṣé dáadáa ni ara rẹ wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé kí àìsàn má mọ ọ̀nà ilé yín ní Kàdúná. Ní tèmi, orúnkún ṣì ń dùn mí, ojú ń ríran díẹ̀, mo sì ń jẹun. Susanna tó háyà yàrá iwájú, èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì lápá Ìyànà Ìyẹsí, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kí ó kọ ọ́ bí mo bá ṣe wí i, kí ó má bá mi fi Jésù sí i, kí ó má sì bá mi yọ èébú kúrò. Ó ní òun ti gbọ́.

O mọ̀ pé mo lu ìlù nínú ẹgbẹ́ Ìró Irin. Àwa mẹ́ta ni. Adérógbà ló ń ta gìtá tó sì ń kọrin, Àmọ̀dá tó ti di olóògbé ń ta gìtá olóhùn ńlá, èmi ń lu ìlù òyìnbó. Ilé iṣẹ́ irin ní Sàngó ni a ti pàdé. Rọ́ọ̀kì la ń ṣe, gìtá oníná, ariwo ńlá. Àwọn àgbà Ọ̀tà ní à ń ba etí àwọn jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwo wa àkọ́kọ́ jáde ní 1982, kò sí páàkì mọ́tò kan láti Sàngó dé Ìdírókò tí wọn kì í ti í kọ ọ́. Ìyẹn ni o gbọ́ dàgbà. Èyí tí o kò gbọ́ rí ló ṣẹ́kù.

Ilé iṣẹ́ abọ́ tánganran ni ìyá rẹ ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Obìnrin mẹ́jọ ló máa ń dúró yí ọpọ́n ńlá kan ká, tí àwọ̀ funfun kún inú rẹ̀, tó ki bí ògì. Irin dúdú ni abọ́ kí wọ́n tó rì í sínú rẹ̀. Bí o bá yá a gbé jáde, àwọ̀ náà á fẹ́lẹ́, á bó. Bí o bá jẹ́ kó pẹ́, á ki jù, á sì sán nínú iná. Kò sí aago lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú wọn, nítorí náà orin ni wọ́n fi ń wọn àkókò. Orin bẹ̀rẹ̀, wọ́n rì í wọlẹ̀. Ẹsẹ̀ orin parí, wọ́n gbé e sókè, gbogbo wọn á dákẹ́ wẹ́lo, wọn á gbọn abọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí àwọ̀ tó pọ̀jù lè ro dànù. Wọn á wá tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ ló ń dá orin náà, òun náà ló ń ṣe é láti inú ara rẹ̀. Gígùn rẹ̀ kì í yẹ̀. Ọ̀gá wọn máa ń sọ pé abọ́ tí Yéwándé bá kọrin sí kì í bó.

Ó máa ń kọ àwọn orin náà nílé nígbà tó bá pọ̀n ọ́ sẹ́yìn. Mo ń fi igi ìlù tẹ̀lé e lórí àpótí ìjókòó, mo sì gbọ́ ìdákẹ́ yẹn, pé bó ṣe ń dákẹ́ ni ara mi ń dúró dè é. Èmi ni mo gbé e lọ bá Adérógbà. Ibẹ̀ ni àwo wa àkọ́kọ́ ti wá, ibẹ̀ sì ni ìdákẹ́ tí gbogbo ayé fi mọ Ìró Irin ti wá.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ orúkọ sí ẹ̀yìn àwo, wàhálà kan wà. Bàbá ìyá rẹ tó jẹ́ Ààfáà ní Adó-Odò ti búra pé ọmọ òun tó bá ṣe orin fún onígìtá, òun kọ́ ni òun bí i. Ìyá rẹ fúnra rẹ̀ ló ní kí Adérógbà bá òun tọ́jú orúkọ náà títí bàbá òun yóò fi kú. Bí ẹni gbé ọmọ fún alágbàtọ́ ló rí lójú wa. Ẹni tó gbà á tọ́ mọ̀ pé òun kọ́ lòun bí i, ọjọ́ ń bọ̀ tí ọmọ yóò padà sílé. Ta ló ń kọ irú ìyẹn sínú ìwé láàrin ọ̀rẹ́? Adérógbà gbá àyà, ó ní: “Ìyàwó wa, ọjọ́ tí Bàbá bá ti lọ, orúkọ yín á padà sọ́dọ̀ yín.” Èmi àti Àmọ̀dá ni ẹlẹ́rìí.

Bàbá kú ní 1986. Ìyá rẹ ṣe ọ̀fọ̀ tán, ó lọ bá a. Adérógbà ní kó di ìgbà tí wọ́n bá tún àwo àkọ́kọ́ tẹ̀. Wọ́n tún un tẹ̀, orúkọ Adérógbà ló tún wà níbẹ̀. Ìyá rẹ kò jà. Kò kàn fún wa lórin mọ́ ni. Àwo méjì tí a ṣe lẹ́yìn náà, pàǹtí ni wọ́n. Èmi ni mo lu ìlù inú wọn, mo sì mọ̀.

Èmi náà ńkọ́? Mo dákẹ́. Ó dùn mọ́ mi kí àwọn ènìyàn máa pè mí ní Dúró Onílù, kí wọ́n máa fún mi láyè nínú mọ́tò. Ìyá rẹ bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní: “Bàbá Ṣadé, ṣé ẹ ò ní bá mi sọ ọ́ ni?” Mo ní kó ṣe sùúrù. Ó ṣe sùúrù fún ọdún mọ́kàndínlógójì, ó sì gbé sùúrù náà lọ sí sàréè.

Ní ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn àdúrà, nígbà tí ẹ̀yin ń gbé oúnjẹ fún àlejò, Adérógbà wá jókòó tì mí. Ó sunkún. Omijé gidi ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó wá mú ìwé kan jáde, ó ní ìwé ìbánikẹ́dùn ni, pé àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ wa fẹ́ kí àwa méjì tó kù fọwọ́ sí i ní ìrántí Yéwándé. Yíǹkì wà lọ́wọ́ rẹ̀. O mọ̀ pé n kò mọ̀wé. Ìwé ìbánikẹ́dùn ti wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà láti ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ẹni tó wọlé ló ń kọ nǹkan sí i, nítorí náà n kò béèrè nǹkan kan. Ó di àtàǹpàkò mi mú, ó bá mi tẹ̀ ẹ́. Áńkáṣífù tó fi nu omijé rẹ̀ ló fi nu yíǹkì kúrò ní ìka mi.

Ní oṣù kẹjọ ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò. Àwọn olólùfẹ́ fẹ́ ṣe àjọ̀dún Ìró Irin ní oṣù kejìlá, wọ́n sì fẹ́ tẹ ìwé tí gbogbo orin wa yóò wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe wọ́n. Olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Adéfẹ́mi, tó ń yẹ orin wò, bọ́ sórí rédíò lọ́sàn-án Sátidé, ó ní ẹgbẹ́ wa kò tó bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọn. Ó ní àwo kan ṣoṣo la ní, ìyókù jẹ́ ariwo. Ó tún ní lójú tòun, ẹni tó ṣe orin àwo àkọ́kọ́ kọ́ ló ṣe ti àwọn tó kù.

Háà, wọ́n bú u. Ọkùnrin kan pè láti Ìtẹlé, ó ní: “Ọ̀gá tíṣà, gìtá mélòó lẹ ti gbé kọ́rùn rí?” Obìnrin kan ní nígbà tí àwọn ń jó orin yìí, Adéfẹ́mi ṣì ń tọ̀ sílé. Wọ́n wá dé orí orin tí wọ́n fẹ́ràn jù, èyí tó sọ pé:

Rì í wọlẹ̀, ẹgbẹ́ mi, rì í wọlẹ̀,
Ohun tó dúdú wọlé, funfun ni yóò bá jáde.

Adéfẹ́mi ní ìrìbọmi ni orin náà ń sọ. Ẹlòmíràn ní rárá, ìjọba ológun ló ń bú. Lórí ìdákẹ́ náà, Adéfẹ́mi ní ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó la ti kọ́ ọ. Awakọ̀ kan ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé iná ló lọ lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbà á sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, Ṣadé, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti oṣù kẹta. Abọ́ ni wọ́n ń rì. Abọ́ ìjẹun.

Ẹ̀rín náà kò tíì tán lẹ́nu mi tí wọ́n fi ní Adérógbà wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn. Wọ́n bi í ta ló ṣe orin àwo àkọ́kọ́. Ó ní òun ni. Ó ní ojú oorun ni ìdákẹ́ náà ti wá bá òun. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, ẹ̀rí wà lọ́wọ́ òun. Ni wọ́n bá ka ìwé kan pé èmi Dúrójaiyé Kàdírì, onílù Ìró Irin, jẹ́rìí pé Adérógbà nìkan ló ṣe gbogbo orin ẹgbẹ́ náà, kò sí ọwọ́ ẹlòmíràn nínú rẹ̀, mo sì tẹ ìka mi sí i ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹta. Ọjọ́ kẹjọ ìyá rẹ nìyẹn. Mo wo àtàǹpàkò mi bí ẹni wo ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Mo lọ bá a nílé. N kò pariwo. Mo ní: “Adérógbà, níbi òkú ìyàwó mi?” Ó ní kí n jókòó. Ó ní: “Dúró, ta ló fẹ́ gbọ́ pé àwọn obìnrin tó ń rì abọ́ ló ṣe orin rọ́ọ̀kì? Wọn á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Orúkọ gbogbo wa ni mò ń dáàbò bò.” Mo ní Yéwándé kò sí nínú gbogbo wa yẹn. Ó wá wò mí lójú, ó ní: “Ìwọ lo bá a sùn, ìwọ lo bá a jí. Láti ìgbà yìí wá, o ò sọ̀rọ̀. Ṣé ikú rẹ̀ ló wá la ẹnu rẹ?” Mo dìde, mo lọ sílé. Olè ni, ọ̀dàlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn tọ́ sí mi.

Mo ní kí Susanna bá mi pe rédíò. Wọ́n ní: “Bàbá, ìka yín ti sọ̀rọ̀. Èwo ni ká wá gbàgbọ́ báyìí, ìka ni àbí ẹnu?” Adéfẹ́mi nìkan ló pè mí padà. Ó ní ìwé orin náà yóò wọ ilé ìtẹ̀wé ní ìparí oṣù kọkànlá, pé bí òun bá rí ẹni tó mọ orin náà kó tó di orin gìtá, òun yóò dúró tì í.

Ẹni yẹn wà. Kàfáyá nìkan ló kù nínú àwọn obìnrin mẹ́jọ náà, Ìtẹlé ló ń gbé. Mo lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́bọ̀ tó kọjá. N kò tíì sọ̀rọ̀ tán tó fi ní kí wọ́n gbé bàsíà omi àti abọ́ kan wá. Ó ń rì í, ó ń kọrin, ó ń gbé e sókè, ó ń dákẹ́, ó ń gbọ̀n ọ́n. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n kò ṣi ìdákẹ́ kan. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi lọ sọ́dọ̀ Adéfẹ́mi. Ó ní: “Rárá. Ẹ̀yin onígìtá lẹ jọ gbé e lọ. N kò ní jẹ́rìí fún onígìtá kan lórí onígìtá kejì. Ọmọ Yéwándé ni kó wá mú mi.”

Ó tọ̀nà. Gbóyèga àbúrò rẹ fẹ́ lọ bá Adérógbà jà, mo ní kó fi ọwọ́ rẹ̀ sápò. Ìwọ ni àkọ́bí rẹ̀, orí ẹ̀yìn rẹ̀ lo wà nígbà tó ń ṣe orin wọ̀nyẹn. Wá kí oṣù kọkànlá tó parí. Mú Kàfáyá lọ. Bí wọ́n bá béèrè ìka mi, sọ bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá sì béèrè ìdí tí mo fi dákẹ́ tipẹ́, sọ ìyẹn náà, má ṣe bò mí. N kò ní bá ọ dé ibẹ̀, n kò sì ní kọ́ ọ ní ohun tí o máa sọ. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ mi, ọwọ́ rẹ ló wà.

Ọlọ́run á mú ẹsẹ̀ rẹ gúnlẹ̀ sílé láyọ̀. Ohun tí o bí kò ní di ti ẹlòmíràn lójú rẹ. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ kò ní wúwo bí tèmi.

Èmi ni bàbá tó bí ọ,
Dúrójaiyé Kàdírì.

Àfikún: Susanna ti ka lẹ́tà yìí fún mi, mo sì gbọ́ pé mo sọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo orin àwo àkọ́kọ́ ni ti ìyá rẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn, tí wọ́n ń pè ní Afárá, Adérógbà ló ṣe é nígbà tí ìyá tirẹ̀ kú, orin gidi sì ni. Má ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.