Àga Kan Tí Ẹ Ò Gbẹ́ Sínú Bàálù Yín

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ mọ̀ pé n kì í fa ọ̀rọ̀ gùn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó le bẹ̀rẹ̀. Màmá ṣubú. Ẹsẹ̀ wọn yọ̀ lẹ́yìnkùlé, níbi tí ilẹ̀ kì í ti í gbẹ nígbà òjò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù tí ẹ máa ń sọ pé ẹ ó gbé kúrò níbẹ̀. Eegun ò kán. Àwọn dókítà ní Ṣàgámù yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n ní kí wọ́n sinmi, kí wọ́n má sì dá gbé mọ́. Ohun tí èmi náà ti ń sọ látìgbà tí a ti sin yín nìyẹn. Kò sẹ́ni tó gbọ́.

Mo ti tún yàrá kan ṣe fún wọn nílé mi. Mo kan irin ìdìmú mọ́ ara ògiri balùwẹ̀, mo gba obìnrin kan tí yóò máa wà lọ́dọ̀ wọn tí mo bá wà níbi iṣẹ́. Ṣàgámù ni mo ní kí wọ́n wá o, kì í ṣe òkè òkun. Ẹni tó bá gbé omi kaná ní Ìkẹ́nnẹ́, omi yẹn ò ní tíì hó tí yóò fi dé ilé mi. Màmá ní àwọn ò lọ.

"Bàálù bàbá ẹ ò tíì parí," ni wọ́n wí. "Ẹni tó bá fẹ́ gbé mi kúrò nínú ilé yìí, kó kọ́kọ́ parí iṣẹ́ orí tábìlì yẹn."

Ẹ rántí bàálù onígi tí ẹ ń gbẹ́ láti ìgbà tí ẹ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, èyí tí ikú ò jẹ́ kí ẹ parí. Nígbà tí ẹbí ń pín ẹrù yín, irinṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìsarà. Nígbà tó kan bàálù, àbúrò yín tó ń bá wa pín in wò ó, ó wò mí, ó ní ẹni tí kì í jókòó sójú kan ni kó gbé ohun ìrìnnà. Gbogbo pálọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ò gbé e. Mo fi í sílẹ̀ lórí tábìlì tó wà. Màmá ń fi aṣọ bò ó tí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á sì ṣí i tí ilẹ̀ bá mọ́, bí ìgbà tí èèyàn ń tọ́jú adìyẹ tó sàba.

Ẹ mọ̀ mí. Ẹni tó bá fún mi ní iṣẹ́ tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ló fún mi yẹn. Òun ni mo lọ kọ́ ní yunifásítì: bí a ṣe ń gba iṣẹ́, bí a ṣe ń pín in, bí a ṣe ń parí ẹ̀ lásìkò. Tírélà tí mo bá rán lọ sí Kánò, ọjọ́ tí mo bá ní kó dé ló ń dé. Ṣé bàálù onígi tí kò gùn ju apá mi lọ ló máa wá dá mi dúró?

Ó dá mi dúró.

Apá òsì ẹ̀ ò tíì sí. Abẹ̀bẹ̀ tó ń yí níwájú ẹ́ńjìnnì ò sí. Táyà ò sí. Mo kọ́kọ́ gbé igi tí a ó fi gbẹ́ apá yẹn fún káfíńtà kan ní Ìpẹ̀rú. Ó ní kí n wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní Ẹtì. Mo lọ lọ́jọ́ Ẹtì, mo bá a tó ń sùn lórí ilẹ̀kùn tó ń kàn fún ẹlòmíì.

"Ìyáàfin, kí ló dé tí ẹ máa ń sáré báyìí?" ni ó wí. "Ṣé ẹ fẹ́ wọ bàálù náà lọ síbì kan ni?"

Mo gba igi mi lọ́wọ́ ẹ̀. Mo yá irinṣẹ́ yín lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n mi, mo sì ń lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ ní gbogbo Sátidé láti fọwọ́ ara mi ṣe é. Igi arère tí ẹ fi ń gbẹ́ ẹ rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, ìyẹn ló kó mi yọ. Màmá á jókòó sórí àga onítìmùtìmù, wọ́n á máa fetí bá mi ṣiṣẹ́, torí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Tí ọ̀bẹ bá há, wọ́n á ní, "Má bá a jà."

Ìgbà tí mo gbé òrùlé bàálù náà kúrò ni ọ̀rọ̀ yí padà. N ò tiẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ṣeé gbé kúrò. Mo rò pé igi gidi lódindi ni. Bàbá, kí lẹ ń ṣe nínú ibẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí? Àga tó tò wà nínú ẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lápá kan, méjì méjì lápá kejì. Aṣọ funfun wà níbi tí orí èèyàn máa ń fara tì. Àwo eérú sìgá wà létí apá àga, kò ju orí ìṣáná lọ. Ẹ fi òwú hun àwọ̀n ìkẹ́rù sókè orí wọn. Ọ̀dà tí ẹ fi kun ilẹ̀ àárín, ẹ ti fi sáńpépà ha á díẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ èèyàn á ti máa tẹ̀, kó lè dà bí ibi tó ti gbó. Ta ló ń ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Mo wá wo ìta ẹ̀ padà. Ẹ má bínú o, ìta ò dára. Imú ẹ̀ kúrú, ó rí rúgúdú bíi búrẹ́dì. Fèrèsé ò bára dọ́gba. Mo wá àwòrán irú bàálù bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, àwọn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó ń kó èrò kí bàálù ayára-bí-àṣá òde òní tó dé. Mo fi wé tiyín. Ìta jìnnà sí àwòrán, ṣùgbọ́n inú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, títí dé kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó ife sí lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá mọ èèyàn, ojú ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Báwo lẹ ṣe mọ ìfun kí ẹ tó mọ imú? Ẹ̀yin tí ẹ ò wọ bàálù rí.

Mo wá gbogbo ilé bóyá ẹ ya àwòrán kan sílẹ̀. Kò sí. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo ni mo rí nílẹ̀ bàálù náà, ẹ ti fi ọ̀bẹ sàmì sí i lára. Mo fi lé àárín àwọn àga, ó bá ibẹ̀ mu wẹ́kú. Mo mọ̀ nígbà yẹn pé òun lẹ fi ń wọn nǹkan. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbálẹ̀, nígbà tí rúlà tí ẹ fi kọ́ odidi Ìkẹ́nnẹ́ ní ìṣirò ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀?

Mo parí apá àti abẹ̀bẹ̀, ó wá kan táyà. Mo rí ihò méjì lábẹ́ apá, àti kékeré kan lábẹ́ ìrù. Gbogbo bàálù tí mo ti wọ̀ ló ní táyà níwájú, nítorí náà mo pinnu pé ẹ gbàgbé ni. Mo dá ihò sí abẹ́ imú ẹ̀, mo fi táyà síbẹ̀, mo fi gọ́ọ̀mù dí ti ìrù. Bàálù dúró gbọọrọ. Inú mi dùn. Mo pe Màmá kí wọ́n wá fọwọ́ kàn án.

Wọ́n fọwọ́ pa á láti imú dé ìrù, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló ní kó dúró báyìí? Ìdí ni bàálù yẹn fi ń jókòó sílẹ̀, orí ẹ̀ á wà lókè. Èèyàn tó bá ti ẹ̀yìn wọlé, òkè ló ń gùn lọ síwájú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ iwájú ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a, kí ìdọ̀tí lè máa yí bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà."

"Màmá, ta ló ń gbá a?"

"Bàbá ẹ ni."

"Bàbá wo?"

"Bàbá mélòó lo ní?"

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Wọ́n wá sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé ọjà á ná lọ́la. Pé kí ẹ tó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà, pápá bàálù Ìkẹjà lẹ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ ń gbá inú bàálù tí èrò bá ti sọ̀ kalẹ̀. Pé ẹ máa ń ṣa súìtì tí wọ́n ń pín fún èrò kí etí wọn má baà dí, èyí tó bá já bọ́ sábẹ́ àga, ẹ ó kó o wá fún Màmá ní Ìkẹ́nnẹ́. Pé Màmá rò nígbà náà pé súìtì nìkan ni wọ́n ń jẹ lójú sánmà. Pé ìyá wọn bi wọ́n léèrè ṣé súìtì ni wọ́n ó máa sè jẹ nílé ọkọ.

Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa? Ẹ̀yin tí ẹ sọ ìtàn gbogbo ẹgba tí wọ́n nà yín nílé ìwé, tí ẹ tún ń fi àpá ibẹ̀ hàn. Ṣé nítorí pé ìgbálẹ̀ ni? Ẹ̀yin lẹ máa ń ní kí àwa ọmọ tíṣà kọ́kọ́ gbá kíláàsì kí àwọn yòókù tó dé.

Ohun kan ṣì kù. Lẹ́yìn pátápátá, lápá ibi tí àga ti jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ dá ihò ẹsẹ̀ àga sílẹ̀, ẹ ò fi àga síbẹ̀. Mo rò pé ikú ló dé kí ẹ tó kàn án. Màmá ní rárá, ẹ ti gbẹ́ àwọn tó wà níwájú ẹ̀ àti ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tipẹ́. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan, nígbà tí ẹ gbálẹ̀ tán tí kò sí ẹnì kankan nínú bàálù, ẹ jókòó sórí àga yẹn. Ẹ kàn fẹ́ mọ bó ṣe rí. Ẹ fi orí ti aṣọ funfun náà. Kò pẹ́ tó kí èèyàn gbàdúrà sí oúnjẹ, ọ̀gá yín yọ lẹ́nu ọ̀nà. Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ nìyẹn. Ẹ sọ fún Màmá pé àga yẹn lẹ máa gbẹ́ kẹ́yìn.

Nígbà tí a ṣe ìgbéyàwó ọmọ Ẹ̀gbọ́n mi ní Àbújá, mo gba tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún yín. Ẹ ò wọ̀ ọ́. Ẹ gba ojú títì, ẹ dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, ẹ ní ẹ fẹ́ rí Lọ́kọ́jà ni. Mo bá yín jà. Ṣé nítorí àga yẹn ni, Bàbá? Àbí Lọ́kọ́jà lẹ fẹ́ rí lóòótọ́? Mo bi Màmá. Wọ́n ní àwọn náà ò mọ̀.

Èmi tí mo fẹ́ parí iṣẹ́ kíákíá, mo wá rí i pé ẹ̀rù àga kan ń bà mí. Tí mo bá gbẹ́ ẹ, iṣẹ́ tán, Màmá á tẹ̀ lé mi. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ńṣe lẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi àyè yẹn sílẹ̀ ńkọ́? Mo gbé e yẹ̀ wò títí. Màmá ló dá ẹjọ́ náà.

"Gbẹ́ ẹ. Ó ti pẹ́ tó ti fẹ́ jókòó."

Mo ba igi jẹ́ kí n tó rí èyí tó dúró. Ó tẹ̀ díẹ̀ sápá ọ̀tún, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo ti yọ táyà tí mo fi síwájú, mo ti dí ihò imú, mo ti la ti ìrù padà, bàálù sì ti ń jókòó bó ṣe yẹ. Màmá ki ìka bọ inú ẹ̀. Wọ́n ń fọwọ́ ka àwọn àga lọ́kọ̀ọ̀kan láti iwájú, wọ́n sì dúró lórí èyí tó kẹ́yìn.

Àpótí aṣọ wọn ti wà nínú ọkọ̀ láti àárọ̀. Mo ṣí gọ́ọ̀mù, mo fẹ́ lẹ òrùlé pa kí a máa lọ. Màmá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn lé ẹnu ihò bàálù náà.

"Má lẹ̀ ẹ́."

"Kí ló tún dé, Màmá?"

"Ta ni yóò máa gbá inú ẹ̀? Ṣé bàálù máa ń gbálẹ̀ ara ẹ̀ ni?"

Mo ní kí a gbé e lọ sí Ṣàgámù nígbà náà. Wọ́n ní ibi tí ẹ gbé e sí ni yóò wà. Àwọn á bá mi lọ, àwọn ò jiyàn, ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé mo gbọ́dọ̀ máa gbé wọn padà wá sí Ìkẹ́nnẹ́ kí wọ́n wá gbálẹ̀ bàálù ọkọ wọn. Bàbá, mo mọ àdéhùn tí kò lópin tí mo bá rí i. Awakọ̀ tó bá gbé irú ẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, ìta ló máa bá ara ẹ̀. Mo ní ó ti yé mi, Màmá.

Sátidé nìyí. N ò tíì jẹun, n ò tíì rí kọ́kọ́rọ́ geeti, mo sì fẹ́ parí èyí tí mo ń kọ sí yín. Màmá ti jókòó síwájú ọkọ̀ látìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́, wọ́n gbé ìgbálẹ̀ kékeré kan lé ẹsẹ̀. Wọ́n ń tẹ họ́ọ̀nù. Wọ́n ní mo ti ń pẹ́ jù.

Ẹ sinmi dáadáa, Bàbá. Ẹ fara ti àga.

Èmi ni,
ọmọ yín tí wọ́n ń dúró dè.